Àlejò Tí Mi Ò Pè

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Àbúrò mi ńkọ́? Ìyàwó yín kékeré ńkọ́, ṣé ó ti hu eyín? Mo mọ̀ pé orí àyà yín náà ló ṣì ń sùn lọ́sàn-án, tí àbúrò mi á máa jowú ọmọ tó fúnra rẹ̀ bí. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, òun náà á máa jẹ eruku tirẹ̀.

Mi ò pè yín lórí fóònù, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ariwo máṣíìnì ti jẹ etí yín tán. Lọ́dún tó kọjá tí mo pè, mo ní, "Bàbá, òtútù ń mú mi," ẹ ní, "Ta ló kú?" Gbogbo ilé ti bú sẹ́kún kí n tó ríbi ṣàlàyé. Lẹ́tà ló sàn fún àwa méjèèjì.

Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lánàá: ẹnìkan ń bú mi, ẹnìkan ń súre fún mi, ẹnìkan rò pé èmi ni ìyá òun. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ìyá Tíṣà. Tíṣà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, á ní kí n tún un sọ kí òun tó gba oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ̀rù máa ń bà á. Ó gbọ́dọ̀ di ọwọ́ mi mú kó tó lè sùn. Bí mo bá yọ ọwọ́, á lajú. Nítorí náà, mo máa ń jókòó tì í títí oorun á fi gbé e lọ pátápátá.

Àpótí aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ṣé ó ti dé? Súwẹ́tà pupa yẹn, ti ìyàwó yín ni. Èyí tó ní àpò, tiyín ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fẹnu bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní sọ ọ́ tán. Àlejò kan ti dé sí mi lára. Mi ò pè é, mi ò sì retí rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan báyìí tí kò ti jẹ́ kí n sùn lóru. Dókítà ti wò mí, ó ní kò séwu, kí n ṣáà ní sùúrù. Ọkọ mi ti kó pílò rẹ̀ lọ sí pálọ̀ nítorí mo ń yí kiri jù lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí aṣọ tó bá mi lára mu mọ́, pàápàá níbi ìbàdí àti abẹ́ ọmú. Gbogbo rẹ̀ ló ń ni mí lára.

Ẹ bá mi rán gáùn kan, Bàbá. Aṣọ òwú ni kó jẹ́, kó fẹ̀ dáadáa, kó má ṣe ní rọ́bà níbì kankan. Ojú ń tì mí láti kọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí sínú ìwé. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà.

Èmi ni akọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Akọ́bí mi, ìyá mi, ọmọ tí mo kọ́kọ́ rán aṣọ fún láyé yìí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ń rọra? Gbogbo wa wà lálàáfíà níhìn-ín, àfi ti Kápẹ́ńtà ọ̀rẹ́ mi, èyí tí n ó sọ fún ọ nísàlẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo bọ́ awò ojú mi, mo fi etí aṣọ nù ún, mo tún un kà. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Oníbàárà kan wà níjòókòó tó ń retí ṣòkòtò rẹ̀, mo ní kó máa lọ kó padà wá lọ́la, mo ní mo ti gbàlejò.

Àlejò! Ta ló kọ́ ọ lédè tó o fi ń dọ́gbọ́n pa òwe fún mi? Àlejò tí kì í jẹ́ kóbìnrin sùn, tó ń mú kí aṣọ há a níbàdí àti lábẹ́ ọmú, tí dókítà sì ní kò séwu, ṣé ó tún ní irú méjì ni? Ọdún keje rèé tẹ́ ẹ ti ṣègbéyàwó. N kò bi ọ́ léèrè rí, ìwọ náà sì mọ̀ pé n kò bi ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mo jókòó sídìí máṣíìnì yìí tí n kò bá Olúwa sọ ọ́. Ó ti gbọ́. Mo sunkún, ọmọ mi, mo sì fi aṣọ oníbàárà nu ojú mi.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ. Àbúrò rẹ nìkan ló mọ̀, nítorí òun ló bá mi ka ibi tí yíǹkì rẹ ti ṣá. Ó sì lè jẹ́ pé mo fẹnu bà á díẹ̀ fún ìyàwó Kápẹ́ńtà, kó lè ní ohun tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kàn ń kọjá lọ ni.

Mo ti rán gáùn náà. Mo fa iwájú rẹ̀ dáadáa kí àlejò lè ráàyè na ẹsẹ̀. Mo tún fi ìyókù aṣọ rán fìlà kan, àti ìbọ̀wọ́ jòjòló méjì, nítorí èékánná ọmọ tuntun mú, wọn a máa fi ya ara wọn lójú. Ìwọ náà ya ara rẹ, àpá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ dòní. Má gbé arúgbó kankan mọ́. Kí wọ́n fún ọ ní iṣẹ́ ìjókòó. Sọ fún ọkọ rẹ kó kó pílò rẹ̀ padà sí yàrá. Ẹni tó bá mú àlejò wọlé kì í sá lọ sí pálọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ Kápẹ́ńtà. Ó lọ ní òpin oṣù tó kọjá. Láti ìparí ọdún ni mo ti ń sùn tì í nínú yàrá rẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ jìnnà, ìyàwó rẹ̀ nìkan kò lè gbé e. Ara rẹ̀ ń yún un tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí kò bá họ ọ́, èmi ni mo ń bá a họ ọ́. A ní ooru ni. Ọwọ́ mi ló dì mú tó fi lọ. Ọ̀rẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ lójúlé kan náà. Má jẹ́ kí n sọ púpọ̀ níbẹ̀.

Ooru yìí ti le jù. Ègbesì ti yọ sí ìyàwó mi kékeré lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, àbúrò rẹ ń fi páúdà pa á. Àtẹ́lẹwọ́ tèmi náà ń yún mi. Owó ń bọ̀ nìyẹn. Àpótí rẹ kò tíì dé.

Bàbá rẹ, Bàbá Àgbà lọ́nà méjì.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì fi orí balẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kú ìrọ́jú ti Bàbá Kápẹ́ńtà. Àwọn ló kan àpótí ìwé mi nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n sì fín òdòdó sára rẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run á tu ìyàwó wọn nínú.

Ìdì yín dé. Mo tú u lórí ilẹ̀ kíṣìnì. Gáùn yẹn gba ìbejì, Bàbá. Fìlà ló tẹ̀ lé e, kò ju ìkúùkù mi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìbọ̀wọ́ méjèèjì. Àtàǹpàkò mi nìkan ló wọ̀ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọkọ mi fi wọlé.

Bàbá, kò sí oyún. Kúrúnà ni.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀bi mi ni. Ojú ló tì mí, mo bá pè é ní àlejò, mo sì tún ní kí ẹ rán gáùn. Bí ẹlòmíì bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí mi, èmi gan-an ìbá ti máa wá orúkọ ọmọ. Ẹ forí jì mí.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibi iṣẹ́ wa ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Kòkòrò kan ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò fi lè rí i. Abo rẹ̀ ló máa ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ èèyàn, á sì máa yé síbẹ̀. Òun àti ẹyin rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ara ń bínú sí tí ó fi ń yún. Àárín ìka, ọrùn ọwọ́, abíyá, ìbàdí, abẹ́ ọmú, ibi kọ́lọ́fín ló fẹ́ràn, òru ló sì ń le jù. Kì í fò, kì í bẹ́. Ṣe ló ń rìn bọ́ sí ara ẹlòmíì bí awọ bá fara kan awọ pẹ́. Bí èèyàn bá bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ lásán, kì í sábà ráàyè. Ṣùgbọ́n èmi jókòó di ọwọ́ Ìyá Tíṣà mú lálaalẹ́. Ara ìyá náà ló ti wá. Ẹ wò ó, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìyá náà mọ́ jù mí lọ.

Wọ́n fún mi ní ìpara tí mo fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo fi sùn, mo wẹ̀ ẹ́ kúrò láàárọ̀. Wọ́n ní kí ọkọ mi náà pa á lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ó ní, "Èmi tí ara mi ò yún mi? Kí ni mo fẹ́ fi ìpara ṣe?" Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ra ara ògiri, ó sì kó o padà fún mi. Àṣé ó lè wà lára ẹni fún oṣù kan gbáko kí ara tó mọ̀. A wá jọ pa á lẹ́ẹ̀kan náà, a tún un pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ. Ó ti ń lọ báyìí.

Ọkọ mi mú fìlà yẹn, ó fi dé orí ìka rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ti kó pílò rẹ̀ padà sí yàrá, ẹ má ṣe dààmú lórí ìyẹn.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ bú mi bó bá wù yín, kí ẹ ṣáà kọ̀wé.

Akọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. A dúpẹ́ pé ara rẹ ti ń yá.

N kò bínú. Mo kàn ní láti lọ bá àwọn tí mo ti fún ní ìròyìn, kí n gba ìròyìn mi padà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni.

Kúrúnà? Ọmọ tí èmi àti ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, fi kànìnkànìn bó lára láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́? Nígbà tiwa, ọmọ tó bá ní kúrúnà, ẹ̀yìn kíláàsì ló ń jókòó, àwọn yòókù a máa kọrin bú u. Ilé mi kò mọ orúkọ yẹn.

Àpótí rẹ dé ní òpin oṣù kejì. Àbúrò rẹ wọ ọmọ ní súwẹ́tà pupa náà. Láti ìgbà náà ni ègbesì ara ọmọ ti le sí i. Ó ti dé àtẹ́lẹwọ́, ó dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti ń gun orí. Ibi tó họ ti ń ṣọyún. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ẹkún ló kù. Ìyàwó mi tó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ ìró máṣíìnì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ bá mi ka lẹ́tà rẹ dé ibi orúkọ yẹn, ó dìde, ó kó gbogbo aṣọ inú àpótí jáde, ó dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kó o sínú àpótí ránṣẹ́ sí ọmọ mi." Mo gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀. Kò fẹ́ kí a dárúkọ rẹ nínú yàrá rẹ̀.

Ara ilé kejì ní kí a fi kẹrosíìnì pa ọmọ náà. Àbúrò rẹ ń rò ó. Nítorí náà, má fi ohunkóhun ránṣẹ́ ná, títí ọkàn yóò fi rọ̀.

Ègbesì ni, mo tún un sọ. Kì í ṣe ohun tí o pè é.

Má wo àbàwọ́n tó wà létí ìwé yìí. Òróró máṣíìnì ni mo fi pa àárín ìka mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò lè kí yín pẹ́ lónìí. Ẹni tó máa gbé lẹ́tà yìí wá ń fò bọ̀ wálé lọ́la, mo bẹ̀ ẹ́ kó tọ̀dọ̀ yín kọ́kọ́ yà. Mo ti pe àbúrò mi títí, kò gbé e.

Ẹ má fi kẹrosíìnì pa ọmọ yẹn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Á bó o lára, èéfín rẹ̀ sì lè wọ̀ ọ́ nínú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ han nọ́ọ̀sì, ẹ sì sọ pé òru ni ẹkún ń le. Ègbesì kì í yan òru, Bàbá. Ègbesì kì í sì í yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ báyẹn. Ọmọ kékeré ni kúrúnà ń gun orí àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú egbò tó ń ṣọyún ló ń já mi láyà jù, torí ó lè ba ohun mìíì jẹ́ nínú ara ọmọ bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi pé àpótí kọ́. Kòkòrò yìí ò lè pẹ́ láyé bí kò bá sí lára èèyàn. Ọjọ́ mélòó kan ló ní. Àpótí yẹn lo ju oṣù méjì lọ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá tiẹ̀ wọ inú rẹ̀, òkú rẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin fúnra yín sì kọ ọ́ sí mi lóṣù kejì pé ègbesì ti yọ sí ọmọ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Nínú lẹ́tà kan náà lẹ ti sọ pé àpótí mi ò tíì dé.

Mo sunkún nítorí àwọn aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò bínú sí i. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò sùn á dáná sun ohunkóhun.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí lẹ ń fi òróró máṣíìnì ṣe láàárín ìka yín? Ṣé ara yín ń yún yín? Ta ló di ọwọ́ yín mú lálaalẹ́ láti ìparí ọdún, tí ara tirẹ̀ náà ń yún un? Orí àyà ta ni ọmọ ń sùn lọ́sàn-án?

Mi ò sọ ọ́ láti fi bú yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ kòkòrò, tí mo sì pè é ní àlejò. Bí ẹ bá tọ́jú ọmọ nìkan, tí ẹ ò tọ́jú ara yín, ẹ̀yin náà lẹ máa kó o padà fún un, bí ọkọ mi ṣe ṣe fún mi. Gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ pa òògùn lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí ara kò yún. Lẹ́yìn rẹ̀, yíyún náà lè má tíì lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò túmọ̀ sí pé òògùn ò ṣiṣẹ́. Ara ló ń rántí.

Mo fi ìbọ̀wọ́ méjèèjì sínú àpòòwé yìí. Bí ẹ bá ti pa òògùn fún ọmọ tán, ẹ wọ̀ ọ́ fún un kó má baà lá òògùn ọwọ́ rẹ̀, kó má sì ya egbò. Mi ò mọ̀ bóyá àbúrò mi máa gbà kó kan ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Akọ́bí yín tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Akọ́bí mi, olóòótọ́ ọ̀rọ̀,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìyá Tíṣà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Jókòó kí o tó kà á. Ọmọ ti sùn. Kì í ṣe oorun ìṣẹ́jú díẹ̀. Oorun tó ń hanrun ni, bíi ti bàbá àgbà rẹ̀.

Ẹni tó mú lẹ́tà rẹ wá bá mi nídìí máṣíìnì. Mo kà á tán, mo wo ọwọ́ mi, mo fi í sápò. Òótọ́ ni. Ara ń yún mi, ó ti ń yún mi kí àpótí rẹ tó wọ̀lú. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Télọ̀ tó ní kúrúnà, ta ni yóò na apá kó wọn àyà rẹ̀? Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Èyí tó dùn mí ni pé mo ń gbé ìyàwó mi sáyà lójoojúmọ́, mo ń kọrin fún un, èmi ni mo sì ń kó kòkòrò fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Mo pe àbúrò rẹ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ ló kó o wá. Èmi ni." Ó ní kí n má ṣe gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, mo tan ìka mi. Ó wò ó títí, ó wá gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ló wà níbẹ̀. Ó kàn sọ pé, "Áà, Bàbá," ni omijé bá dé.

Ilé ìwòsàn ni a gbà lọ. Mo wọ súùtì mi, kí wọ́n má baà rò pé ará ìdọ̀tí kan ló dé. Nọ́ọ̀sì náà kò tiẹ̀ wo súùtì. Ó ní èèyàn márùn-ún ti bá òun wá pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ọ̀kan jẹ́ adájọ́. Ó fún ọmọ lóògùn ojú egbò, ó wá fún gbogbo wa ní ìpara imí ọjọ́, ó ní kì í ṣe ọmọ kékeré níbi, kí a pa á ní alẹ́ mẹ́ta léraléra. Ọmọ mi, ṣé o ti gbóòórùn imí ọjọ́ rí? Ẹni tó fún un lórúkọ náà kò purọ́. Àbúrò rẹ pa á, ọkọ rẹ̀ pa á, èmi náà pa á, a jókòó sí pálọ̀ bí ẹyin mẹ́ta tó ti bàjẹ́. Pásítọ̀ ń kọjá lọ, ó yẹsẹ̀ wò wá, ó ní òun yóò padà wá.

Ọmọ nìkan ló kù, òun ni a fi ìpara kùn láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo mú àpòòwé rẹ jáde. Mo kó ìbọ̀wọ́ náà sórí tábìlì. Àbúrò rẹ wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ lọ̀ wọ́n ná." Mo ní kò nílò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣàlàyé. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ó ti rún nínú àpòòwé ni." Mo bá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ wọ́n fún ọmọ rẹ̀, ó fi okùn kékeré tí mo rán mọ́ ọn so ó, ó wá fi ẹnu ko ìbọ̀wọ́ náà. Kò ní kí n sọ èyí fún ọ. Mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí iṣẹ́ tí ọwọ́ mi mọ̀. Mo kó gbogbo aṣọ ilé, mo ní kí wọ́n sè wọ́n, kí wọ́n sá wọn sóòrùn, mo wá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú síná. Gbogbo ojú rírán ni mo tẹ̀, gbogbo etí, gbogbo abẹ́ kọ́là. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé ṣé a fẹ́ ṣe ìnáwó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ń sin àwọn àlejò kan sọ́nà.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Kápẹ́ńtà. N kò pa òwe, n kò pè é ní ègbesì. Mo ní, "Kúrúnà ló wà lára ọkọ rẹ, ó wà lára mi, ó sì ṣeé ṣe kó wà lára ìwọ náà." Ó ní òun ti ń họ ara láti ọjọ́ yìí wá, òun rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín, a jọ sunkún, mo sì fún un ní ìpara tirẹ̀.

Mo ti ń rò ó bí mo ṣe jókòó. Ìwọ, ọwọ́ arúgbó lo dì mú. Èmi, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni. Ọmọ, àyà bàbá àgbà rẹ̀. Bí n bá tún rí Kápẹ́ńtà lórí ẹní yẹn, n ó tún di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Àbúrò rẹ ní kí o pè é lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun yóò gbé e. Bí o bá dé ní ìparí ọdún, má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà máa kí mi láti òkèèrè o. Gbára rẹ wá síhìn-ín. Ṣé kí n dá ìbọ̀wọ́ náà padà sí ọ?

Bàbá rẹ, tó ń rùn, ṣùgbọ́n tó ń sùn.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá mi, olóòórùn imí ọjọ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ka lẹ́tà yín fún ọkọ mi nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti páàkì.

Mo pe àbúrò mi. Ó wá gbé fóònù sí ẹnu ọmọ, mo gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Ìyẹn ti tó mi.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìsinmi tí wọ́n fún mi nítorí kúrúnà ti parí. Ara Ìyá Tíṣà ti mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó na ọwọ́ sí mi, ó wá yára fà á padà, ó ní bóyá mi ò fẹ́. Mo fà á mú. Ó sùn kí n tó jókòó dáadáa.

Ẹ má dá ìbọ̀wọ́ padà. Bó bá ti kéré jù fún ìyàwó yín, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀ tí ẹ ń kó bọ́tìnnì sí. Fìlà wà lọ́dọ̀ mi, ọkọ mi ò jẹ́ kí n gbé e kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ọjọ́ náà bá dé, mi ò ní pè é ní àlejò. Màá kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, gàdàgbà gàdàgbà, kí ẹ lè kà á láìwọ awò ojú. Bí kò bá sì dé, Bàbá, èmi náà ti rí ẹni rán gáùn fún mi, ó sì ń bá mi lára mu. Òun ni mo wọ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Mò ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Ẹ na ọwọ́ sílẹ̀ dè mí.

Akọ́bí yín.